Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Apoògùn: Àyà Tó Ń Ta àti Oògùn Tó Ń Dín Ásíìdì Kù

Lẹ́tà mẹ́rin la mú fún ti oṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí àyà títa àti oògùn tí àwọn ènìyàn ń lò sí i. Ti àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́nu oníbàárà lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò aṣọ ni mí ní Òṣogbo, ẹni ọdún 43 ni mí. Ó ti tó ọdún méjì tí àyà ti ń ta mí bí ẹni pé wọ́n rọ́ ata síbẹ̀, pàápàá bí mo bá délé lálẹ́, tí mo jẹun tán, tí mo sì dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn omi kíkan a máa gòkè wá sí ọ̀fun mi, ikọ́ á sì jí mi. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọ́n sì fún mi ní omeprazole. Bí ó bá ti ta mí ni mo máa ń lo ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan ó ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ mìíràn kò ṣe nǹkan kan. Àbúrò mi mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kòkòrò ulcer, wọ́n sì ní mo ní in. Ṣé ọgbẹ́ inú ni lóòótọ́? Kí ló dé tí oògùn náà kò fi jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ìyáàfin wa, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ ásíìdì tó ń gòkè láti inú ikùn wá sí ọ̀nà ọ̀fun ju bí ó ti jọ ọgbẹ́ inú lọ. Ní ìgboro wa, kò sí ohun tó lè máa ta ènìyàn láti ọrùn dé ìdodo tí a kì í pè ní ulcer, bẹ́ẹ̀ àìsàn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọgbẹ́ inú jẹ́ egbò lára ògiri àpò ikùn tàbí lára ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, òkè ikùn gan-an, lábẹ́ ibi tí egungun ìhà ti pàdé, ni ó sì sábà máa ń dun ènìyàn. Ti ásíìdì tó ń gòkè a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, a sì máa ràn lọ sókè sí ọ̀fun. Ó máa ń le sí i lẹ́yìn oúnjẹ tó pọ̀, nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbálẹ̀, omi kíkan tàbí kíkorò sì lè dé ẹnu. Ikọ́ tó ń jí yín lóru náà lè jẹ́ ara rẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú àpò ikùn, iṣan róbótó kan wà níbẹ̀ tó máa ń là nígbà tí a bá gbé oúnjẹ mì, tó sì máa ń padé lẹ́yìn rẹ̀. Bí iṣan yìí bá ń dẹ̀ nígbà tí kò yẹ, tàbí tí ọ̀rá ikùn, oyún tàbí oúnjẹ àjẹyó bá ń tì í láti ìsàlẹ̀, tàbí tí apá kan àpò ikùn bá ti yọ́ gòkè sínú àyà, ásíìdì yóò rí ọ̀nà jáde. Àpò ikùn ní ìbora kan tó ń yọ̀, tí ásíìdì kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń ta.

Bí àyà títa àti omi kíkan tó ń gòkè bá jọ wà, tí kò sì sí àmì ewu, dókítà kò ní láti dúró de ẹ̀rọ kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ikùn ní Amẹ́ríkà, American College of Gastroenterology, gbé jáde ní ọdún 2022 ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo omeprazole tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ó tó jẹun, fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí ara bá fúyẹ́, a ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ásíìdì ló fà á, a ó sì gbìyànjú láti dá oògùn dúró. Ẹ fiyè sí i pé mo ní ó ṣeé ṣe: omeprazole a máa mú ọgbẹ́ inú náà sàn, nítorí náà sísàn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú.

Àmì ewu tí mo ń sọ ni pé kí oúnjẹ máa há sí àyà tàbí kí gbígbé nǹkan mì máa dunni, kí ènìyàn máa rù láìjẹ́ pé ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kí ó máa bì léraléra, kí ó bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun dúdú tó jọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, tàbí kí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹni tó bá ní ọ̀kankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ máa fi oògùn dán ara rẹ̀ wò nílé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni àyà ń fún yín, tí ó ń wá nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá gbé ẹrù aṣọ, tí ó ń ràn dé apá tàbí párì, tí òógùn sì ń bò yín, ọkàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe, kòkòrò Helicobacter pylori ni wọ́n ń wá. Òun ni Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní Ọsirélíà, fi hàn pé ó ń fa ọgbẹ́ inú, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ ni pé ara yín ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Kò lè sọ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Púpọ̀ nínú àwa àgbà ní Nàìjíríà ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò mú, ọ̀pọ̀ wa kò sì ní egbò kankan nínú ikùn. Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ló ṣeé gbára lé jù. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ ti lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè parọ́ pé kò sí. Bí kòkòrò náà bá wà, ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n pípa á kò ní wo ásíìdì tó ń gòkè sàn.

Wàyí o, kí ló dé tí oògùn náà kò fi jẹ́? Bí ẹ ṣe ń lò ó ni. Inú kápúsù omeprazole ni àwọn hóró kéékèèké wà, tí wọ́n fi ìbora wé kí ásíìdì ikùn má baà bà wọ́n jẹ́. Inú ìfun ni wọ́n ti ń yọ́, wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ padà dé ara ògiri àpò ikùn, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tín-ín-tìn-ín ti ń da ásíìdì sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni oògùn yìí lè dì mú, oúnjẹ ló sì ń jí àwọn ẹ̀rọ náà. Oògùn ọ̀hún kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà a ń fẹ́ kí ó ti wà níbẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ẹ̀yin ń dúró kí ó ta yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kí ẹ tó lò ó. Nígbà tí yóò fi dé ibi iṣẹ́, ásíìdì ti tú jáde. Yàtọ̀ sí èyí, ẹyọ kan kì í dí gbogbo ẹ̀rọ náà, ara a sì máa ṣe tuntun. Ó tó ọjọ́ 3 sí 5 tí ènìyàn bá ń lò ó tẹ̀léra kí agbára rẹ̀ tó pé.

Bí dókítà tàbí apoògùn tó rí yín lójúkojú bá fọwọ́ sí i, 20 mg ni láràárọ̀, ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó fẹnu kan ẹ̀kọ àti àkàrà, lójoojúmọ́, yálà ó ta yín tàbí kò ta yín. Omi ni kí ẹ fi gbé e mì lódindi. Mo máa ń rí àwọn tó ń ṣí kápúsù, tí wọ́n á da hóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n á sì rún un lẹ́nu kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Ìbora tí mo sọ yẹn ni wọ́n ń fọ́, owó wọn ló sì ń ṣòfò. Oníkẹ́míìsì tó ń gé káàdì oògùn sí ẹyọ méjì méjì fún oníbàárà kò ṣe wọ́n lóore, nítorí ẹyọ 2 kò lè ṣe iṣẹ́ ẹyọ 56.

Fún ọjọ́ tí ó bá ta yín gidigidi kí omeprazole tó wọra, mist mag, oògùn funfun olómi tí à ń mì kí á tó bù ú, lè pa á láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ bá ń lo doxycycline tàbí ciprofloxacin, ẹ má ṣe lò wọ́n pa pọ̀. Ẹ bi apoògùn yín bí ẹ ó ṣe fi wákàtí pín wọn níyà.

Oúnjẹ ló kù. N kò ní ní kí ẹ kó ata kúrò ní ilé ìdáná, nítorí kì í ṣe ohun kan náà ló ń ta gbogbo ènìyàn, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n fi òfin oúnjẹ dá lóró títí wọ́n fi rù, tí àyà kò sì yé ta wọ́n. Ohun tí ó bá ń ta ẹ̀yin gan-an, ì báà jẹ́ ọbẹ̀ tó kún fún epo, gaàrí mímu, ọsàn tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òun ni kí ẹ dín kù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún yín ni àkókò: kí ó tó wákàtí 3 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé oníṣòwò kì í tètè délé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ àmàlà yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kí ti alẹ́ jẹ́ díẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Kíkó ìrọ̀rí lé ara wọn kò tó, ọrùn nìkan ló ń tẹ̀. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí, ẹ fi sílẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tù orí fífọ́ tó ní aspirin nínú, ibuprofen àti diclofenac tí ènìyàn ń lò láìgba ìmọ̀ràn, nítorí àwọn wọ̀nyí gan-an ló lè dá ọgbẹ́ inú tòótọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá lò ó báyìí fún ọ̀sẹ̀ 8 tí kò sí àyípadà, tàbí tí ó padà lẹ́yìn tí ẹ dá a dúró, ó di ọ̀rọ̀ endoscopy. Ẹ kò ní jẹun láti òru, wọ́n á fín oògùn sí yín lọ́fun kí ó kú, wọ́n á sì ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba ẹnu yín wọlé. Dókítà sábà máa ń fẹ́ kí a ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ṣáájú, kí egbò tó wà níbẹ̀ má baà ti jiná kí wọ́n tó wò ó. Wọ́n á fi lẹ́tà A dé D sọ bí egbò náà ṣe tó, A ló fúyẹ́ jù. Bí wọn kò bá rí egbò rárá, kò túmọ̀ sí pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ásíìdì ń yọ lẹ́nu ni ọ̀nà ọ̀fun wọn mọ́ tónítóní lójú kámẹ́rà. Ìgbà náà ni wọ́n lè gba okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wọ imú yín, tí yóò fi odindi wákàtí 24 wọn ásíìdì tó ń gòkè, bí ilé ìwòsàn náà bá ní irú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti pé ẹni ọdún 58. Ní ọdún 2019 wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n rí egbò díẹ̀, GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò mi, sì kọ omeprazole 20 mg fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lò ó lójoojúmọ́. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí WhatsApp ìjọ wa pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń mú kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan. Mo dá a dúró lójijì, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, iná inú àyà mi ti ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣé ó ti di bárakú sí mi lára ni?

ÌDÁHÙN: Kò di bárakú, ẹ̀gbọ́n. Bí a bá ti ásíìdì mọ́lé fún ìgbà pípẹ́, ara a máa pọ̀ sí i nínú ohun tó fi ń pàṣẹ fún ikùn láti ṣe é. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò lójijì, ásíìdì yóò ya ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn olùwádìí ní Dẹ́ńmáàkì dán èyí wò ní ọdún 2009 lára àwọn 120 tí ara wọn dá ṣáṣá, tí àyà kò ta wọ́n rí. Àwọn tí wọ́n fún ní esomeprazole, ọ̀kan nínú ẹbí omeprazole, fún ọ̀sẹ̀ 8, tí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, nǹkan bí 44 nínú 100 wọn ló ń ráhùn àyà títa tàbí irú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú àwọn tí wọn kò fún ní oògùn gidi rárá, nǹkan bí 15 ni. Nítorí náà, iná tó jó yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì fi hàn pé ẹ kò lè gbé láìsí oògùn.

Fídíò yẹn mú òtítọ́ díẹ̀, ó bù mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó dẹ́rù ba ènìyàn kàn wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn yìí sábà máa ń dàgbà, wọ́n sì máa ń ṣàìsàn ju àwọn tí kò lò ó. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti pín àwọn aláìsàn tó ju 17,000 sí méjì, tí apá kan lo pantoprazole, ẹbí omeprazole mìíràn, tí apá kejì lo èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú, fún nǹkan bí ọdún 3. Àìsàn ìfun tí kòkòrò ń fà ló fi díẹ̀ pọ̀ sí i. Ti kíndìnrín, egungun dídá àti ìgbàgbé kò yàtọ̀ láàrin apá méjèèjì. Síbẹ̀, ọdún 3 kì í ṣe ogún ọdún. Oògùn náà lè mú kí kíndìnrín ẹlòmíràn wú lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, ó sì lè dín magnesium àti fítámì B12 kù lára ẹni tó bá lò ó pẹ́. GP yín lè ṣe àyẹ̀wò wọn.

Bóyá kí ẹ dá a dúró tàbí kí ẹ má dá a dúró, ìwé àbájáde endoscopy ọdún 2019 ni yóò sọ, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Bí egbò náà bá jẹ́ C tàbí D, tàbí tí wọ́n bá kọ Barrett síbẹ̀, ìyẹn ni pé awọ ọ̀nà ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ẹ má ṣe kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ A, ẹ lè bá GP sọ ọ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 10 mg fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lò ó ní ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fi oògùn olómi tó ń pa ásíìdì bo àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń lo aspirin nítorí ọkàn, ó lè jẹ́ omeprazole yìí ló ń dáàbò bo ikùn yín lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ dídà. Bí ó bá sì jẹ́ clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lẹ ń lò, ẹ sọ ọ́, nítorí omeprazole ń dín agbára rẹ̀ kù, òmíràn nínú ẹbí rẹ̀ ni wọ́n máa fi rọ́pò.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà nínú oyún oṣù méje ní Abẹ́òkúta. Àyà ń ta mí débi pé ìjókòó ni mo fi ń sùn. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu omi kánún. Ṣé mo lè lo omeprazole?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ìyá Ìkókó. Oyún a máa jẹ́ kí iṣan róbótó tí mo sọ lókè yẹn dẹ̀, ilé ọmọ tó ń tóbi a sì máa ti ikùn sókè. Ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ìyá pé iyọ̀ inú kánún ti pọ̀ jù fún aláboyún. Oúnjẹ kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àjẹyó lọ. Bí kò bá tó, oògùn tó ní calcium tàbí alginate ni a kọ́kọ́ ń lò, kí ó sì jìnnà sí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín ní kílíníìkì tó wákàtí 2. Àwọn dókítà a máa fún aláboyún ní omeprazole bí ìwọ̀nyí kò bá ṣiṣẹ́, a kò sì tíì rí i pé ó ń ṣe ọmọ ní ibi, ṣùgbọ́n kí ó ti ọwọ́ wọn wá. Bí ìrora bá wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tí orí ń fọ́ yín, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ yín wú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyà títa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Nítorí bàbá mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ṣe kọ̀wé. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Láti bí oṣù mẹ́ta ni iyán ti ń há sí wọn láyà, ẹ̀kọ mímu àti ọbẹ̀ ló kù tí wọ́n ń rí gbé mì dáadáa, aṣọ wọn sì ti ń ṣo lára wọn. Omeprazole tí wọ́n rà ti pa ìrora náà, wọ́n wá ní àwọn kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan mọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé bàbá lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Oògùn yìí lè pa ìrora ohun tí kò lè wò sàn. Oúnjẹ líle tó kọ́kọ́ ń há, tí ara sì ń rù, lè jẹ́ àpá tí ásíìdì ọdún pípẹ́ dá sí ọ̀nà ọ̀fun tó fi fún un pọ̀, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, àfi endoscopy àti ẹran ara bíńtín tí wọ́n á gé lọ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ àpá lásán, okùn kámẹ́rà yẹn kan náà ni wọ́n á gbà fi fẹ̀ ẹ́, omeprazole ojoojúmọ́ ni yóò sì máa dá a dúró kí ó má tún fún padà. Ẹ kó páálí oògùn tí wọ́n ti lò dání, kí ẹ sì sọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti lò ó fún dókítà, nítorí oògùn náà lè jẹ́ kí ojú egbò burúkú dà bí èyí tó ń jiná. Dókítà ni yóò sọ bóyá kí wọ́n dá a dúró ṣáájú. Kí ó tó di ọjọ́ náà, oúnjẹ rírọ̀ ni kí wọ́n máa jẹ ní ìjókòó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi tipá gbé ẹran mì. Bí itọ́ lásán bá kọ̀ láti lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.